Ẹ má fi káàdì bàbá yín dáná!

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín la fẹ́ẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín ná. Bí wọ́n bá ní kéèyàn wáá wo nǹkan ẹ̀rín, tó sáré débẹ̀, tó wáá rí i pé òun gan-an ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún máa ń há síni lọ́fun ni.

Ta ni ò mọ Boundary l'Ékòó? Ẹni tó bá ti Àpápá bọ̀, tó fẹ́ẹ́ wọ Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Bẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ yín kan wà ní Àpápá, ìkejì wà ní Ajégúnlẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó, apá Àpápá ni àwọn ọ̀gá ń gbé, apá Ajégúnlẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ fìdí kalẹ̀ sí: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Úróbò, Ìgbò, Haúsá, kò sẹ́ni tí ò sí níbẹ̀. Lọ́jà Boundary, látorí ẹja títí dórí bàtà tòkunbọ̀, ohun téèyàn bá wá ló máa rí.

Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tẹ́nikẹ́ni kì í pàtẹ. Bó bá wà nínú ilé yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa wà, nínú àpótí bàbá tó ti kú, láàárín rìsíìtì ilẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó àti ìwé ìrìnnà tí eku ti jẹ etí ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá mọ́ lọ́mọ kan máa gbá a jáde pé ìdọ̀tí ni, ìyá alákàrà á sì gbà á, á fi dáná. Pósítíkáàdì lorúkọ ọjà ọ̀hún.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ̀ ọ́n. Káàdì pélébé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Wọn kì í fi í sínú àpòòwé. Àwòrán wà níwájú ẹ̀, èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, á lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, á jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, ó parí nìyẹn. Kò sí àṣírí kankan nínú ẹ̀ o. Kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, pósítímáànù ti kà á, ọmọ tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà ti kà á, ìyàwó ilé náà sì ti ní kí wọ́n bá òun kà á. Nítorí ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé lè kà làwọn èèyàn ń kọ sí i, àwàdà sì ni ohun tí gbogbo ayé máa ń fẹ́ẹ́ kà.

Ilẹ̀ Ọ́síríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé káàdì yìí jáde, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1869. Lọ́dún kejì ẹ̀ làwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Káàdì ìjọba lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àfìgbà tó di 1894 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà káwọn oníṣòwò máa tẹ tiwọn, ni àwòrán bá gba ìgboro kan. Káàdì aláwòrán ìlú jáde, ti àwàdà jáde, ti àrà ọ̀tọ̀ náà jáde. Wọ́n fi awọ ẹran ṣe òmíràn, wọ́n fi pákó ṣe òmíràn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gbé e síwájú iná, gbogbo fèrèsé ilé inú ẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tanná síbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi òwú sílíìkì ṣe ọ̀nà sí lára làwọn sójà tó wà ní Faransé ń rà ránṣẹ́ sílé.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin ayàwòrán kan wà nílùú Ottawa, ní Kansas, William Martin lorúkọ ẹ̀, "Dad" ni wọ́n ń pè é. Ní nǹkan bí ọdún 1908, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé fọ́tò kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, á sì tún gbogbo ẹ̀ yà papọ̀. Ẹ ó rí àgbàdo kan ṣoṣo tó gba inú kẹ̀kẹ́ ẹrù tán, ẹ ó rí ehoro tó tóbi ju ẹṣin lọ. Irọ́ gbáà! Ìgbà yẹn sì rèé, kò sẹ́ni tó lálàá kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rò pé àwọn ọmọ orí ẹ̀rọ ayélujára ló bẹ̀rẹ̀ fọ́tò onírọ́, kó lọ bi bàbá yẹn.

Àmọ́ ọ̀gá àwọn aláwàdà ni Donald McGill, ọmọ London. Ọmọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ló wà lọ́sibítù ní 1904, ló bá ya ọkùnrin kan tó rì sínú omi dídì dé ọrùn ránṣẹ́ sí i, ó sì kọ ọ́ sídìí ẹ̀ pé kó tètè jáde níbẹ̀ o. Bó ṣe di ayàwòrán káàdì nìyẹn. Ìyàwó tó sanra bí àgbá tó fi etí wọ́ ọkọ pẹ́ńpẹ́, àlùfáà tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, dókítà àti aláìsàn ẹ̀: irú àwàdà tọ́mọdé á kà tí ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, tí àgbà á kà á táá fọwọ́ bo ẹnu. Àwòrán tó yà tó nǹkan bí 12,000, wọ́n sì ṣírò ẹ̀ pé káàdì tí wọ́n tà nínú ẹ̀ tó 200 mílíọ̀nù. Ní 1954, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ nílùú Lincoln pé ìwà ìbàjẹ́ ló ń yà. Wọ́n bu owó ìtanràn £50 lé e, wọ́n tún ní kó san £25 owó ẹjọ́. Nígbà tó kú ní 1962, £735 péré ló fi sílẹ̀. Owó àwòrán kan, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án fún un, iye tó wù kí wọ́n tà nínú ẹ̀, ìyẹn ò kàn án. Àwọn tó ń tẹ káàdì ló ń jèrè ẹ̀rín, ẹni tó dá ẹ̀rín sílẹ̀ ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Boundary nínú èyí. Ó kàn wá o. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èbúté Àpápá, nígbà tó sì di 1926, ibi ìdákọ̀ró mẹ́rin àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ń ná Liverpool sí Èkó. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ Apapa, òmíràn ń jẹ́ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní 1951. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́ọ́yà, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ irú ọkọ̀ yẹn. Káàdì tó ní àwòrán ọkọ̀ ọ̀hún wà, ti McGill sì kún ẹnu ṣọ́ọ̀bù létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ òyìnbó tó bá gúnlẹ̀ síbí ń wá káàdì Èkó tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé. Káàdì ń lọ, káàdì ń bọ̀.

Ó yá, ẹ̀rín tó o. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ń lọ, ìyẹn èyí tí ojú tiwa wà lórí ẹ̀.

Nínú káàdì àwàdà ayé ìgbà yẹn, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, èèyàn dúdú ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n á ya ètè ẹ̀ kó bo ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní kò mọ̀ ju kó jí wọ́tàmẹ́lọ̀n lọ. Tàbí kí wọ́n ya òyìnbó oníwàásù sínú ìkòkò, káwa máa koná mọ́ ọn nísàlẹ̀. Wọ́n ń tà á ní gbangba, àwọn èèyàn gidi ń rà á, wọ́n ń kọ "mo kí yín, ara wa le" sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn àgbà.

Èyí tí kì í ṣe àwàdà gan-an, tí wọ́n fi fọ́tò tòótọ́ ṣe, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Edmond Fortier, òyìnbó Faransé tó fi Dakar ṣelé, tẹ káàdì tó lé ní 3,000 nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú irú káàdì bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kì í sábà ju "obìnrin ilẹ̀ yìí", "ọlọ́jà", "ọmọge" tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán. Kò lórúkọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yìí ò wolé, wọn ò wòta, wọ́n kàn ń fi èèyàn ṣọjà. Òyìnbó tó fi sísì ra káàdì, orúkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn gàdàgbà gadagba. Ẹni tó fi ojú ara ẹ̀ ṣe káàdì, orúkọ ẹ̀ ò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ò ní ayàwòrán tiwa nígbà náà. George da Costa, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1853, ló ń bójú tó ilé ìtàwé CMS l'Ékòó láti 1877 títí di 1895, kó tó kúrò níbẹ̀ tó lọ gbájú mọ́ iṣẹ́ fọ́tò. N. Walwin Holm wá láti Accra, ó ṣí ilé ìyàwòrán sí Èkó, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́ọ́yà. Ẹni tó bá di gèlè, tó wọ aṣọ òkè, tó san owó ẹ̀ níwájú irú àwọn wọ̀nyí, ẹni tó lórúkọ ni. Ìyàtọ̀ ẹni tó lọ ya fọ́tò sí ẹni tí wọ́n ya ní fọ́tò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n fi Boundary ṣàlàyé ẹ̀. Káàdì náà ní Boundary tiẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n fàyè gbà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ á há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ní 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n fa ìlà sí àárín ẹ̀yìn káàdì: lápá òsì, ọ̀rọ̀, lápá ọ̀tún, àdírẹ́sì. Bẹ́ ẹ bá rí káàdì tí ò ní ìlà yẹn lẹ́yìn, àgbà káàdì ni, ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé nínú gbogbo pípín tí wọ́n pín in, ẹni tó ń fi káàdì ránṣẹ́ ní àyè tiẹ̀, ẹni tó máa gbà á ní àyè tiẹ̀, kò sí àyè kankan fún orúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Àwa la máa wá àyè ọ̀hún fún un.

Ẹlòmíì á ní, "Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí la fẹ́ẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká sun ún." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò dáa. Aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n David Pilgrim. Àtikékeré ló ti ń fi owó ara ẹ̀ ra irú ẹrù ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀: káàdì, ọmọláńgidi, àpótí ìtọ́jú owó. Ní 1996, ó fi ohun tó tó 2,000 tó ti kó jọ ta Yunifásítì Ferris State lọ́rẹ, ní Michigan, ìyẹn ló di Jim Crow Museum. Àwọn ọmọ iléèwé ń lọ síbẹ̀ láti fojú ara wọn rí i. Bó bá jẹ́ pé ó sun ún ni, lónìí wọ́n á ní irọ́ ló ń pa, pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹlẹ́rìí lèèyàn ń dáná sun bó bá sun irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Àwa náà kì í kúkú ṣe gọ̀ǹgọ̀ṣú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán òyìnbó kan nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, wọ́n tẹ àwòrán obìnrin kan tó ń fi ejò ṣeré ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì. Ìpolówó eré ni, kí wọ́n lè rí owó ìwòran. Àwòrán ọ̀hún bá ọkọ̀ òkun dé etíkun wa. Kó tó di 1901, wọ́n ti fi í gbẹ́ ère tí wọ́n ń gbé sórí jó fún ẹ̀mí omi ní Bonny, Jonathan Adagogo Green tó jẹ́ ọmọ Bonny sì ti ya ère náà ní fọ́tò. Mámí Wọtà tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn ni o! Ní 1955, wọ́n tún tẹ 12,000 ẹ̀dà àwòrán yẹn ní Bombay, ní India, fún oníṣòwò kan ní Kumasi. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i lára ògiri rí, bó jẹ́ Ajégúnlẹ̀ lẹ dàgbà sí. Òyìnbó gba ojú wa, ó gba orúkọ lára ẹ̀. Àwọn èèyàn wa gba àwòrán eré lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n fún un níyì. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀yin náà ẹ sọ ẹni tó mọ èèyàn í bọ̀wọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì tán nílẹ̀. WhatsApp ló gbapò pósítíkáàdì lóde òní. Fọ́tò ẹ̀rín tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín láàárọ̀, káàdì McGill náà ni, àfi pé kò ní sítáǹbù. Osita Iheme àti Chinedu Ikedieze, tí gbogbo wa mọ̀ sí Pawpaw àti Aki látìgbà tí fíìmù Aki na Ukwa ti jáde ní 2002, ojú wọn ti dé ibi tí orúkọ wọn ò dé láyé. Ẹni tó wà ní Brazil ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé àgbà òṣèré ni wọ́n. Àwọn yẹn tiẹ̀ sàn, iṣẹ́ wọn ni. Ìyá oníyàá tí wọ́n yà níbi tó ti ń sùn lórí ọjà ẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá mi rò ó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí àpótí bàbá yín. Bẹ́ ẹ bá bá káàdì níbẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí ẹ̀ rèé. Ẹ wo sítáǹbù. Ọdún 1874 ni sítáǹbù Lagos kọ́kọ́ jáde. Ní 1906, wọ́n pa Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, sítáǹbù náà sì yí padà. Láti 1914 ló ti di Nigeria. Bó bá jẹ́ orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára ẹ̀, àtayébáyé ni. Edward ló tẹ̀ lé e ní 1901, George kan ní 1910, George kejì ní 1936, kó tó kan Elizabeth ní 1952. Bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sí i, kò tíì pẹ́, nítorí January 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ẹ sì wo òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì, ó lè gbé orúkọ ìlú àti ọjọ́ lọ́wọ́.

Ẹ má yọ sítáǹbù ẹ̀ o. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti gé ahọ́n káàdì náà. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe láminéṣàn, mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ẹ̀ l'Ékòó, àmọ́ iná ẹ̀rọ yẹn àti ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó kì í ṣeé tú mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya. Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí oòrùn ò ti ní pa á, kó sì ga nílẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà mọ ohun tí omi òjò máa ń ṣe l'Ájégúnlẹ̀. Ẹ fi fóònù ya iwájú ẹ̀, ẹ sì ya ẹ̀yìn ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ ó fi owó ẹ̀ kọ́lé. Ẹni tó bá sáré wáá bá yín pé òun fẹ́ẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bi í pé kí ló rí.

Ohun tó wáá ṣe pàtàkì jù, owó kọ́ o, orúkọ ni. Bí Màmá bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sunday kan, ẹ kó káàdì àti fọ́tò náà sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta lèyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá yín nìyẹn, èyí tó lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ṣé o rí bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn? Ó yá a ni."

Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ má lo báírò. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kọ ìlú, ẹ kọ ti bàtà àyálò náà sí i. Ọjọ́ tí Màmá bá lọ, kò tún sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́, káàdì yẹn á sì di "ọkùnrin ilẹ̀ yìí" gẹ́gẹ́ bíi tàwọn Fortier. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní rí òyìnbó kankan dá lẹ́bi.

Ajé ti gúnlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ má jẹ́ kó bá èéfín lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹni tó pa yín lẹ́rìn-ín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.